Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Kipchoge ni, ẹ wá gbọ́ ti Henry Rono

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà ìwé títẹ̀ láyé tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó yìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi ò kọ̀wé sí yín rí, àmọ́ iyàn tó ń lọ lójú ewé eré ìdárayá yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Àwọn òǹkàwé ń jiyàn pé nínú gbogbo àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn láyé òde òní, ta ni Ọlọ́run dá eré mọ́ jù lọ, ìyẹn ni pé ká ní wọ́n bọ́ bàtà olówó gọbọi lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn, kí wọ́n gba kóòṣì àti dókítà lọ́wọ́ wọn, ta ló ṣì máa fi ẹ̀yìn han àwọn tó kù. Gbogbo lẹ́tà tí mo kà pátá, Kipchoge ṣáá ni. Nídìí fẹ́ńdọ̀ tó wà ní Mọ́kọ́lá, níbi táwa tá a máa ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń dúró sí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà, bọ̀dá kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní kí ẹni tó bá ní kì í ṣe Kipchoge lọ ṣàyẹ̀wò ojú ẹ̀ ní UCH.

Mo ti ṣàyẹ̀wò ojú mi. Kì í ṣe Kipchoge.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Eliud Kipchoge ọmọ Kẹ́ńyà ni ọba màrátọ́ọ̀nù, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà síyẹn. Ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016, ó tún gba òmíràn ní Sapporo lọ́dún 2021 (Òlíńpíìkì Tokyo tí kòrónà dá dúró nìyẹn), ó sá 2:01:09 ní Berlin lọ́dún 2022, kí n má tíì sọ ti Vienna lóṣù Kẹwàá ọdún 2019 tó sá 1:59:40, táwọn èèyàn tò yí i ká tí wọ́n ń dínà atẹ́gùn fún un, tí wọn ò sì kà á mọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù nítorí ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe débẹ̀. Bàbá yìí ti lówó, ó ti lókìkí, síbẹ̀ inú kámpù ní Kaptagat ló ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà ń bá àwọn ọmọ kéékèèké pín iṣẹ́ ilé ṣe, gbogbo eré tó bá sá ló ń kọ sínú ìwé, kóòṣì kan ṣoṣo, Patrick Sang, ló sì ń tẹ̀ lé látìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Ìforítì nìyẹn, ìkóra-ẹni-níjàánu nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ fi kọ́ ọmọ ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ kó fi kọ́ ọ. Lórí tíráàkì ńkọ́? Lẹ́yìn ọdún 2003, Kenenisa Bekele ọmọ Etiópíà ló ń nà án káàkiri, nígbà tó sì di ọdún 2012, kò tiẹ̀ ráyè wọ ẹgbẹ́ tí Kẹ́ńyà kó lọ sí Òlíńpíìkì London, ìyẹn ló jẹ́ kó kó ẹrù ẹ̀ lọ sídìí màrátọ́ọ̀nù.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti lè gbà fún bọ̀dá páàtì mọ́tò ni ìdíje àgbáyé ní Paris lọ́dún 2003 yẹn náà, nígbà tí Kipchoge jẹ́ ọmọ ọdún 18 péré tó lu Hicham El Guerrouj àti Bekele pa pọ̀ lọ́jọ́ kan nínú 5,000 mítà. El Guerrouj o! Ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù 1,500 mítà, 3:26.00, láti ọdún 1998, tẹ́nikẹ́ni ò tíì gbà lọ́wọ́ ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọmọ tó ṣerú ìyẹn, Ọlọ́run fún un ní nǹkan, mi ò jiyàn. Àmọ́ kì í ṣòun ni wọ́n fún jù.

Ẹnì kan kọ̀wé sí yín láti Ọ̀yọ́, ó ní ẹ yé fi ariwo pa wá, orí òkè ni wọ́n ń gbé, ẹ̀jẹ̀ wọn ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n, kò tíì parí. Òótọ́ ni pé Iten ní Kẹ́ńyà ga tó nǹkan bí 2,400 mítà, Bekoji ní Etiópíà sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, òótọ́ sì ni pé atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ara àwọn tó ń gbébẹ̀ á máa ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ju tiwa lọ, tí wọ́n bá wá sọ̀ kalẹ̀ wá sá eré nísàlẹ̀ ó máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àmọ́ La Paz ní Bolivia ga ju gbogbo ìyẹn lọ, ó lé ní 3,600 mítà, ẹ dárúkọ ọmọ La Paz kan fún mi tó gba góòlù Òlíńpíìkì nínú 10,000 mítà. Jos tiwa náà ga, bíi 1,200 mítà, ọ̀dọ̀ wọn náà làwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn fún Nàìjíríà sì ti sábà máa ń wá, a ò tíì rí Bekele níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé létí odò kọ́ ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wá wò ó dáadáa, àlàyé òkè yìí ò tiẹ̀ dáhùn ìbéèrè tá à ń bi ara wa, torí pé ní ìdájí ní Iten ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló ń sáré lójú ọ̀nà eléruku yẹn, òkè kan náà, ugali (òkèlè àgbàdo wọn) kan náà, ẹ̀yà kan náà pàápàá, ẹnì kan á ṣì wà láàárín wọn táwọn tó kù ò ní rí gìgísẹ̀ ẹ̀. Ẹni yẹn là ń wá, kì í ṣe òkè.

Ohun témi fi ń dá ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ ò le rárá. Mo máa ń wo ohun tó ṣe kó tó di pé ara ẹ̀ gbó sídìí iṣẹ́ náà, mo máa ń wo oríṣi eré tó lè sá, ju gbogbo ẹ̀ lọ mo máa ń wo ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí ara ẹ̀ ò dá, tí kò múra sílẹ̀, tó jẹ́ pé kò yẹ kó lè ṣe é. Iṣẹ́ àṣekára ò lè gba èèyàn lọ́jọ́ tí ò ṣiṣẹ́.

Tá a bá fi ìyẹn wò ó, Bekele wọlé dáadáa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa ń gbójú fò ó torí pé kì í rẹ́rìn-ín síwájú kámẹ́rà bíi Haile Gebrselassie, ọmọ Etiópíà bíi tiẹ̀. (Haile náà ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn o, ọmọ tó ń sá kìlómítà 10 lọ síléèwé tó sì ń sá 10 bọ̀ pẹ̀lú ìwé lápá òsì, tó fi jẹ́ pé títí tó fi dàgbà bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ká apá yẹn mọ́ra tó bá ń sáré, ẹ wo fídíò eré tóun àti Paul Tergat ọmọ Kẹ́ńyà sá ní Sydney lọ́dún 2000, 10,000 mítà odindi, 0.09 ìṣẹ́jú àáyá péré ló fi jù ú lọ.) Bekele gba rẹ́kọ́ọ̀dù 5,000 mítà lọ́dún 2004, 12:37.35, ó gba ti 10,000 mítà lọ́dún 2005, 26:17.53, méjèèjì ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ títí di ọdún 2020 tí Joshua Cheptegei ọmọ Uganda fi gbà wọ́n. Lórí koríko àti nínú ẹrẹ̀, eré tí wọ́n ń pè ní cross country, ó gba ife àgbáyé 11 fún ara ẹ̀ nìkan, ọdún márùn-ún gbáko ló fi ń gba ti ọ̀nà kúkúrú àti ti ọ̀nà gígùn pa pọ̀ láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́dún 2005, lóṣù Kìíní, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ṣubú kú níbi tí wọ́n ti jọ ń sáré, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta ó ti lọ gba ife méjèèjì. Mi ò mọ irú ọkàn tó wà nínú ọkùnrin yẹn.

Èyí tó tiẹ̀ wá yà mí lẹ́nu jù ni Berlin lọ́dún 2019. Bekele ti pé ọmọ ọdún 37, ìpalára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nínú eré, àwọn èèyàn ti ń sọ pé kó lọ sinmi, ló bá sá màrátọ́ọ̀nù ní 2:01:41, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló kù kó gba rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Kipchoge tó ń fi gbogbo ayé ẹ̀ múra sílẹ̀ fún màrátọ́ọ̀nù nìkan. Ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú kìlómítà 42! Ẹ̀yin ará Mọ́kọ́lá, ẹ dá mi lóhùn lórí ìyẹn ná.

Daniel Komen ńkọ́? Ọmọdé ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1996 ó ṣe ipò kẹrin níbi tí Kẹ́ńyà ti ń ṣa àwọn tó máa lọ sí Òlíńpíìkì Atlanta, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n sì ń mú, bó ṣe jókòó sílé nìyẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ó dé Rieti ní Ítálì, ó sá 3,000 mítà ní 7:20.67. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn dúró fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ó dín díẹ̀. El Guerrouj ò rí i gbà, Haile ò rí i gbà, Bekele ò rí i gbà, bàtà tuntun onípáànù, tí wọ́n fi páànù káábọ́nù sí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ kó lè máa ti èèyàn síwájú, dé, wọn ò rí i gbà, àfi lóṣù Kẹjọ ọdún 2024 tí Jakob Ingebrigtsen ọmọ Norway sá 7:17.55. Lóṣù Keje ọdún 1997 ẹ̀wẹ̀, ní Hechtel ní Belgium, Komen sá máìlì méjì ní 7:58.61. Kí ẹ lè mọ ohun tíyẹn jẹ́: lọ́dún 1954 tí Roger Bannister sá máìlì kan ṣoṣo tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin ní Oxford, ariwo sọ lágbàáyé, àwọn kan tiẹ̀ ti rò pé kò ṣeé ṣe fún ara èèyàn. Komen ṣe é lẹ́ẹ̀méjì tẹ̀ léra wọn láì dúró mí. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gba rẹ́kọ́ọ̀dù 5,000 mítà mọ́ ọn, 12:39.74 ní Brussels, ọmọ ọdún 21 sì ni. Kó tó pé ọmọ ọdún 25, iná ẹ̀ ti ń kú lọ. Nǹkan bí ọdún méjì ni gbogbo ẹ̀ fi ṣẹlẹ̀, ó sì tán.

Nípa Ingebrigtsen tó gba nǹkan lọ́wọ́ Komen, ọmọ yẹn dáa, ó gba góòlù Yúróòpù méjì lọ́jọ́ orí 17, àmọ́ inú ilé tí eré ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé ni wọ́n ti tọ́ ọ, bàbá ẹ̀ ni kóòṣì ẹ̀ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjì ti wà nídìí ẹ̀ ṣáájú ẹ̀, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò láàárín eré kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kó rọra. Mi ò bú u. Mo kàn ń sọ pé a ò lè mọ ibi tí ti Ọlọ́run parí sí lára ẹ̀ àti ibi tí ti bàbá ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀gá gbogbo wọn.

Ọdún 1978. Henry Rono, ọmọ Nandi láti Kẹ́ńyà, ọmọ ọdún 26, ń kàwé ní Washington State University ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ní Berkeley, ó sá 5,000 mítà ní 13:08.4, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ní Seattle, ó sá steeplechase, ìyẹn 3,000 mítà tí wọ́n máa ń fo igi tí wọ́n á tún máa bẹ́ sínú omi, 8:05.4, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ó ti kọjá sí Vienna, 10,000 mítà, 27:22.47, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé, ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ Samson Kimobwa tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì kan náà ni Rono sì ti gbà á, ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lé e. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, Oslo, 3,000 mítà, 7:32.1. Oríṣi eré mẹ́rin, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé mẹ́rin, ọjọ́ 81. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Kipchoge ò ṣerú ẹ̀ rí, Bekele ò ṣerú ẹ̀ rí, Haile tó gba rẹ́kọ́ọ̀dù bí ẹni ń gba owó ìfẹ̀yìntì kò ṣerú ẹ̀ rí. Kì í sì í ṣe pé ó kàn ń sá èyí tó bá wù ú lẹ́yìn ìyẹn kó wá lọ sinmi o, lọ́dún kan náà ó tún gba góòlù méjì ní Algiers níbi ìdíje gbogbo Áfíríkà, ó gba méjì míì ní Edmonton níbi ìdíje Commonwealth. Ti steeplechase yẹn, ó di ọdún 1989 kí Peter Koech tó gbà á, ohun tó sì fi jù ú lọ, tẹ́ ẹ bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́ ẹ ò ní rí i.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní Rono ò gba Òlíńpíìkì rí. Òótọ́ ni, kò gbà á, torí pé kò sá níbẹ̀ rí! Lọ́dún 1976, àwọn ọmọ rọ́gíbì New Zealand lọ bá South Africa ìgbà apartheid ṣeré, ilẹ̀ Áfíríkà ní kí wọ́n lé New Zealand kúrò ní Montreal, wọn ò lé wọn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà sì kó àwọn ọmọ wọn padà sílé. Nàìjíríà wà lára wọn. Torí náà ẹni tó bá ń bi mí pé góòlù Rono dà, kó tún bi mí pé góòlù àwọn ọmọ tiwa tó dé Montreal tí wọ́n ò sáré dà. Nígbà tó wá di ọdún 1980, Kẹ́ńyà tẹ̀ lé Amẹ́ríkà, wọn ò lọ sí Moscow nítorí ogun tí ìjọba Soviet gbé wọ Afghanistan. Àwa lọ ní tiwa. Miruts Yifter ọmọ Etiópíà ló gba góòlù 5,000 àti 10,000 mítà níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn Yifter dáadáa, àmọ́ mi ò rò pé ó máa rọrùn fún un bẹ́ẹ̀ ká ní Rono wà nínú ìlà yẹn.

Àwọn kan á tún ní 13:08 ò ju nǹkan tí ọmọ yunifásítì ń sá lóde òní lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yunifásítì tó wọ bàtà onípáànù, tí iná aláwọ̀ ewé ń sá lọ níwájú ẹ̀ létí tíráàkì tó ń sọ fún un pé báyìí ni kó ṣe yára mọ. Àtọdún 2017 tí bàtà yẹn ti wọ màrátọ́ọ̀nù ni aago ti ń yí padà, tó bá jẹ́ aago la fẹ́ máa tò síra a ò ní rí ẹyọ ẹnì kan dárúkọ ṣáájú ọdún yẹn mọ́. Ẹ fi èèyàn wé àwọn tí wọ́n jọ wà láyé nígbà kan náà. Lọ́dún 1978, bí Rono bá wọ pápá, ipò kejì làwọn tó kù ń dù.

Ibi tó wá dùn mí sí nínú ìtàn ẹ̀ ni ọtí. Rono mutí, ó mu ú kọjá ààlà, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbẹ̀yìn ayé ẹ̀. Lọ́dún 1981 ó ti sanra, ó dé Yúróòpù pẹ̀lú ikùn, àwọn tí kò tó ẹni tó ń bá sáré tẹ́lẹ̀ ń fi í sílẹ̀ lọ, gbogbo ayé ti ní ó tán fún un. Ó fi eré yọ́ ọ̀rá yẹn dànù láàárín ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, nígbà tó máa di ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, nílùú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Knarvik ní Norway, ó sá 5,000 mítà ní 13:06.20, ó gba rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Kipchoge sípò yẹn. Ẹ jẹ́ ká fún un lọ́tí fún ọdún kan, ká gba ìwé tó ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́ ẹ̀, ká lé Patrick Sang lọ sílé, ká wá ní kó lọ gba rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo ohun tó gbé Kipchoge ró pátá ni Rono ò ní, síbẹ̀ ó ṣe é.

Bọ̀dá kan láàárín wa ní ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú, pé ẹni tó fi ẹ̀bùn ṣòfò ò yẹ lẹ́ni à ń gbé gẹ̀gẹ̀. Èmi ò gbé e gẹ̀gẹ̀ o. Ẹni tó bá ní kí n sọ ẹni tí ọmọ mi máa fìwà jọ, Kipchoge ni mo máa dárúkọ, wéré báyìí. Àmọ́ ìyẹn kọ́ lẹ bi wá lójú ìwé yín. Rono sùn sílé àwọn aláìnílé ní Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ tí kò yẹ ọba, nígbà tó yá ó jáwọ́ nínú ọtí, ó padà sí Kẹ́ńyà lọ́dún 2019, ó sì kú lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni ọdún 72. Ìwé ìròyìn mélòó ló gbé e síwájú? Ariwo Kelvin Kiptum ló wà nílùú lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni mọ́tò pa Kiptum àti kóòṣì ẹ̀ lọ́nà Kaptagat, ọmọ ọdún 24 péré. Màrátọ́ọ̀nù mẹ́ta ni Kiptum sá láyé ẹ̀: 2:01:53, 2:01:25, àti 2:00:35 tó sá ní Chicago tó fi gba rẹ́kọ́ọ̀dù. Mẹ́ta péré! Ká ní ó pẹ́ láyé ni, mi ò bá má kọ lẹ́tà yìí, tàbí kí n kọ ọ́ lọ́nà míì. Ọdún 24 yẹn náà ni Samuel Wanjiru fi kú lọ́dún 2011, ẹni tó gba góòlù màrátọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Beijing nínú ooru gbígbóná pẹ̀lú 2:06:32, táwọn àgbà nínú eré ń wò ó bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé torí bó ṣe yára láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ gbogbo wọn sáfẹ́fẹ́ ire.

Ti àwọn obìnrin ò ní gùn torí kò sí ìjà púpọ̀ níbẹ̀ lójú tèmi. Mo mọ̀ pé Tirunesh Dibaba gba góòlù àgbáyé kó tó pé ọmọ ọdún 19, ìlú kékeré Bekoji tó bí Bekele ló bí òun náà, ìbátan ẹ̀ Derartu Tulu ló ti la ọ̀nà ní Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, àbúrò ẹ̀ Genzebe náà sá 1,500 mítà ní 3:50.07. Ilé kan tó kó gbogbo ìyẹn sínú, ẹ̀jẹ̀ wọn lè ní nǹkan nínú lóòótọ́. Mo mọ Faith Kipyegon tó ń sáré láìwọ bàtà lọ́mọdé, tó bímọ tán tó sì padà wá gbá gbogbo ayé mọ́lẹ̀. Beatrice Chebet lẹni àkọ́kọ́ tó sá 10,000 mítà tí kò tó ìṣẹ́jú 29, òun náà lẹni àkọ́kọ́ tó sá 5,000 mítà tí kò tó 14. Àmọ́ Sifan Hassan ni. Wọ́n bí i ní Etiópíà, ó sá dé Netherlands gẹ́gẹ́ bí ọmọ olùwá-ibi-ìsádi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15. Ní Tokyo, ó ṣubú láàárọ̀ nínú 1,500 mítà nígbà tó ku yípo kan, ó dìde, ó lé gbogbo wọn bá, ó ṣe ipò kìíní, ó wá gba góòlù 5,000 mítà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Ó sá màrátọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ẹ̀ ní London lọ́dún 2023, ó dúró na ìbàdí ẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ lọ wọ mọ́tò lọ sílé, àwọn yòókù lọ, ó tún wá lé wọn bá ó sì borí. Paris 2024, ó gba bàbà nínú 5,000, ó gba bàbà nínú 10,000, kò sì tíì pé ọjọ́ méjì tó fi wọ màrátọ́ọ̀nù tó gba góòlù. Ẹni tó lè sá láti 1,500 títí dé kìlómítà 42 tó sì ń gba mẹ́dàlì nínú gbogbo ẹ̀, kí la tún fẹ́ jiyàn lé lórí? (Ruth Chepngetich tó sá 2:09:56 ní Chicago, mi ò ní kà á mọ́ wọn, wọ́n ti fòfin dè é fún ọdún mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ oògùn.)

Nǹkan kan kù tó ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó jókòó. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí irú Rono bá wà ní Ìbàdàn yìí, a ò lè mọ̀? Ẹ lọ wo inter-house sports iléèwé èyíkéyìí, 100 mítà, 200 mítà, relay, gbogbo èèyàn á dìde dúró pariwo. 1,500 mítà wọ́n á fi sẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ìgbà tí àwọn òbí ti ń wá mọ́tò, tí oníbàǹdì ti ń kó ìlù ẹ̀, àwọn ọmọ á máa yí pápá lọ láìsí ẹni tó ń ka yípo dáadáa. Mo mọ̀ pé a mọ eré kúkúrú, Falilat Ogunkoya gba bàbà nínú 400 mítà ní Atlanta, Tobi Amusan sá 12.12 lọ́dún 2022 tí ẹnu ya gbogbo ayé, kò burú. Àmọ́ láàárín Ojóò sí Challenge, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé Ọlọ́run ò fi ọmọ kan tó lè sá 10,000 mítà síbẹ̀? Tó bá jẹ́ ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Iwó Road, tó ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò láti gba owó ẹ̀, ta ló fẹ́ fi aago wọn eré ẹ̀? Kẹ́ńyà ní òkè, ó dáa, àmọ́ Kẹ́ńyà tún ní àwọn tí ń dúró wo eré àwọn ọmọ títí yóò fi parí. Láti ọdún 1976 ni Brother Colm O'Connell, ọmọ Ireland, ti dé iléèwé St. Patrick's ní Iten, tísà ni wọ́n pè é wá ṣe, ó wá di ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ títí ó fi kó ṣámpíọ̀n jáde lóríṣiríṣi.

Ó ku ẹnì kan tí àwọn àgbà máa fẹ́ kí n dáhùn lé lórí kí wọ́n má bàa ní mo gbàgbé ẹ̀, Emil Zatopek, tó gba góòlù 5,000 mítà, 10,000 mítà àti màrátọ́ọ̀nù ní Helsinki lọ́dún 1952, tó jẹ́ pé màrátọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó sá láyé ẹ̀ nìyẹn. Mi ò gbàgbé ẹ̀. Ayé òde òní lẹ̀yin béèrè, ìdí kan nìyẹn, ìdí kejì ni pé Zatopek ni ọkùnrin tó ń sá 400 mítà lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ kan títí gbogbo èèyàn fi ń rò pé ó fẹ́ para ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí iyàn míì lójú ìwé yín lórí ẹni tó ṣiṣẹ́ jù, orúkọ ẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Baba Ìbejì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.